Ẹṣin Tó Ń Tẹ̀lé Ojú Irin

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kì í ronú kọjá fèrè ọkọ̀, ẹ ní kó lọ sí Tchaourou kó béèrè Àlúkò. Ọkùnrin náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta lọ́dún 1981 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ga, ó rù, etí ọ̀tún rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di pátápátá nítorí ariwo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yí ojú irin padà. Bí ọkọ̀ kan bá ń gòkè bọ̀ láti Cotonou, tí òmíràn sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti Parakou, Àlúkò ni yóò di ọ̀pá irin gígùn kan mú, tí yóò fà á, kí ọ̀kan lè yà sí ẹ̀gbẹ́ fún èkejì. Bí ó bá gbàgbé lọ́jọ́ kan péré, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i. Kò gbàgbé rí. Ṣùgbọ́n láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì, wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin a máa ṣófo, àsìkò yẹn gan-an sì ni ọkàn rẹ̀ máa ń kúrò ní Tchaourou.

Ayé àtijọ́ ni ọkàn náà ń lọ, kí òyìnbó tó gbé ẹsẹ̀ síbí, nígbà tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Ìbàrìbá ń gun ẹṣin kọjá láàárín Ṣábẹ̀ àti Nikki, tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù òwú nínípọn, tí wọ́n sì ń wọ irú rẹ̀ fún ẹṣin wọn kí ọfà má baà ráyè. Àlúkò á jókòó sórí pákó ojú irin àtijọ́ kan lábẹ́ igi kajú, káyé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé kan lórí itan, gègé bíìkì lọ́wọ́, á máa kọ ìtàn ọ̀kan nínú wọn. Wòrú ni ó sọ ẹlẹ́ṣin náà, ó sì sọ ẹṣin rẹ̀ ní Ìjì. Ọba Ṣábẹ̀ rán Wòrú sí ọba Nikki pé ogun ń bọ̀, àti pé bí Wòrú kò bá dé kí oṣù tuntun tó lé, ìlú méjèèjì ti gbé nìyẹn.

Ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó rán Àlúkò níṣẹ́ ìwé kíkọ. Ìjọba Ìyípadà ni. Nígbà yẹn, gbogbo ènìyàn ni kámáráàdì. Ọ̀gá ń jẹ́ kámáráàdì, ẹni tó ń gbálẹ̀ fún ọ̀gá ń jẹ́ kámáráàdì, ìjọba sì ní kí tọmọdé tàgbà kọ́ láti kàwé ní èdè ìyá wọn. Wọ́n ṣí kíláàsì fún àwọn Nàgó, ìyẹn àwọn Yorùbá, ní Tchaourou, ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àlúkò ti ka ìwé Faransé díẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó kú tí wọ́n fi mú un kúrò níléèwé, nítorí náà oṣù méjì péré ló gbà á kó tó mọ Nàgó kọ geere. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu tí kò jókòó níwájú pátákó rí láyé rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti A.

Ohun tó ba kíláàsì náà jẹ́ ni pé ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ìwé nípa bí a ti ń gbin òwú. Àbẹ̀kẹ́ kà á títí, inú bí i.

“Bàbá Modúpẹ́, mo ti ń gbin òwú kí ẹni tó kọ ìwé yìí tó mọ̀ ọ́n rìn,” ló sọ fún ọkọ rẹ̀. “Ṣé torí kí ìwé lè sọ fún mi pé kí n ro oko mi ni mo ṣe ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì? Mais non! Ìwé tó bá máa sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi ni mo ń wá.”

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìkéde jáde pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìtàn kọ ní èdè tirẹ̀, kó mú un wá. Èyí tí ìgbìmọ̀ Ìyípadà Tchaourou bá lu òǹtẹ̀ mọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní Parakou, wọ́n á sì pín in fún gbogbo kíláàsì Nàgó láti ibẹ̀ dé Ṣábẹ̀. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kẹta ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Àlúkò gbọ́, oorun sì dá lójú rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń la ọ̀nà fún ìrìnàjò ẹlòmíràn. Ó ń fẹ́ kí ohun kan tó ti inú orí òun jáde rìn lọ bákan náà, kó dé ibi tí ẹsẹ̀ òun kò dé, kí ẹni tí kò mọ òun rí ṣí i kó sì kà á. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni torí ó mọ̀ pé wọ́n á ní ìgbéraga ni, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹ débi pé ó ń dùn ún láyà.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà ni àwọn obìnrin tó ń kó iṣu dúró de ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, ọkọ̀ sì mọ̀ ọ́n pẹ́, wọ́n á ní, “Tonton Àlúkò, níbo ni Wòrú dé?” Àlúkò á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, á wú ikọ́ díẹ̀, á ṣí káyé. Mo ti rí oníwàásù tí ìjọ rẹ̀ kò fetí sílẹ̀ tó báyẹn.

Lọ́jọ́ kan tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìgbìmọ̀ jókòó, ó ka ibi tí ó fẹ́ràn jù lọ fún wọn. Ó ní: “Wòrú gun Ìjì ní Ṣábẹ̀ nígbà tí àkùkọ kọ. Ó kọjá Kilibo, ó kọjá Toui. Ọ̀sán gangan, ó fún ẹṣin lómi ní Tchaourou. Ó kí àwọn ará Tchatchou láìdúró, oòrùn kò sì tíì wọ̀ tí ó fi wọ Parakou.”

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni ẹ̀rín kan bú láti ìdí ògiri. Bàbá arúgbó kan ló jókòó síbẹ̀ lórí ẹní ìkírun rẹ̀, Baba Yessoufou ará Tchatchou, ọmọ Ìbàrìbá tí Nàgó yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Òun ló ń tọ́jú ẹṣin tí wọ́n ń gùn lọ sí ọdún Gààní ní Nikki. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ọmọ mi, má bínú,” ó ní. “Mo kàn fẹ́ béèrè ni o. Ẹṣin yìí, ṣé ó ra tíkẹ́ẹ̀tì?”

Àlúkò ní, “Baba, n kò gbọ́ yín.”

“Láti Ṣábẹ̀ dé Parakou láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ojú irin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹṣin tó gbé ènìyàn, tó gbé ẹ̀wù òwú, tó gbé ọ̀kọ̀, nínú oòrùn yìí? Á kú kó tó rí Toui. Bó bá sì rí Toui, kí ni yóò wá débẹ̀? Òyìnbó ló la irin gba ibẹ̀. Ẹṣin kì í tẹ̀lé irin, omi ló ń tẹ̀lé. Odò Ọ̀kpárá ni àwọn baba wa ń bá lọ, lápá ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, láti ibi omi kan dé ibi omi kejì. Donc ẹṣin tìrẹ, ọkọ̀ ojú irin tó hu ìrù ni.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ká ní mo wà níbẹ̀, èmi náà ì bá pàtẹ́wọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bí sí etí ojú irin, bí ibùdókọ̀ ti tẹ̀lé ara wọn ni ayé ṣe tò lójú rẹ̀. Ẹ bi ará Tchaourou pé níbo ni Toui wà, á ní ìdúró ọkọ̀ tó ṣáájú tiwa ni. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà tó kíyè sí i, Àlúkò tó sì kọ ọ́ kò kíyè sí i, bẹ́ẹ̀ ni káyé odindi méjì ló ti kọ tán. Bí ọkọ̀ ti dé, ó lọ fa ọ̀pá irin rẹ̀, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó délé, ó ti káyé méjèèjì bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun kò kọ mọ́. Ó ní bí ìgbìmọ̀ bá tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde, gbogbo Ìbàrìbá láti Tchatchou dé Nikki ni yóò máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ títí òun yóò fi kú. Ojú tì í gan-an, ìtìjú náà sì korò lẹ́nu rẹ̀ débi pé kò jẹun alẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ kó wí tirẹ̀ tán. “Ẹni tó bá rí ìdọ̀tí lára rẹ tó sọ fún ọ, ṣé ọ̀tá rẹ ni?” ó ní. “Bàbá yẹn mọ̀ nípa ẹṣin, ìwọ mọ̀ nípa ìwé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Lọ bá a nílé.”

“Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, Ìyá Modúpẹ́.”

“Voilà, lọ lọ́la. Àbí o fẹ́ kí n máa bá a lọ láti máa ka ìwé òwú? Èmi fẹ́ mọ̀ bóyá Wòrú dé Nikki.”

Bẹ́ẹ̀ ni Àlúkò ṣe wọ ọkọ̀ lọ sí Tchatchou ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi náà bọ́ sí Sunday, katikísì sì béèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbẹ̀kẹ́ dáhùn pé ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Mùsùlùmí kan, èyí tó jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ó kó katikísì lọ́kàn sókè fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Yessoufou kò fún un ní ẹṣin. Àdá ló fún un. Ó ní, “Nínú ìtàn rẹ, ta ló ń bọ́ ẹṣin?”

Àlúkò ronú títí. “N kò kọ ọ́ síbẹ̀, Baba.”

“Ṣé ẹṣin náà ń gbààwẹ̀ ni? Lọ gé koríko wá.”

Oṣù kẹta ni, ilẹ̀ ti gbẹ, kò sí koríko tútù àfi létí odò. Àlúkò rìn lọ, ó rìn bọ̀, ẹrù koríko lórí. Ohun tí ó fi wákàtí mẹ́ta gé, ẹṣin fi ẹnu kó o tán kí bàbá arúgbó tó kírun ọ̀sán tán. Lẹ́yìn náà ó ní kó fa omi. Àlúkò fa garawa kan, ẹṣin mu ún. Ó fa èkejì, ẹṣin mu ún, ó tún gbójú sókè wò ó. Nígbà tó fi máa fa ẹ̀kẹrin, ọwọ́ tó ti ń fa irin láti ọdún méjìlélógún ti bó. Nígbà tí òùngbẹ wá gbẹ ẹ́ tó fẹ́ bu omi sẹ́nu, Yessoufou di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹṣin rẹ ò tíì tẹ́rùn. Ẹlẹ́ṣin kì í mumi ṣáájú ẹṣin. Bí ìwọ bá kú sọ́nà, ẹṣin lè gbé òkú rẹ délé. Bí ẹṣin bá kú, ta ni yóò gbé ọ?”

Ní Sunday kejì, ó bá ohun mìíràn pàdé. Yessoufou ṣí àpótí kan, ó mú ẹ̀wù òwú àtijọ́ kan jáde, èyí tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, òwú àràbà ló kún inú rẹ̀ láti ọrùn dé orúnkún. Ó wọ̀ ọ́ fún Àlúkò. Ó wúwo bí àpò àgbàdo, ooru inú rẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Ọkùnrin méjì ló tì í nídìí kó tó lè gun ẹṣin, ẹṣin sì gbéra. Ẹni gun ẹṣin tó ní òun kò ní ju ìpàkọ́, ẹṣin á jù ú fún un. Kí ẹ wá rí ìpàkọ́ Àlúkò lọ́jọ́ náà, tó ń lọ síwájú tó ń lọ sẹ́yìn, tí àwọn ọmọ Tchatchou ń sáré tẹ̀ lé e tí wọ́n ń hó.

Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti tọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tọ̀ tán, ó sì fẹ́ padà sórí ẹṣin. Kò ṣeé ṣe. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé ti òsì, ó dì mọ́ gàárì, ó jábọ́. Ó dúró nínú oòrùn bí ẹni tí wọ́n di mọ́ inú tìmùtìmù. Yessoufou jókòó síbi òjìji, ó ń wò ó, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

“Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ìgbéraga ni kì í jẹ́ kí ọlọ́lá sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin kí tálákà,” ó ní. “Ìgbéraga wà níbẹ̀, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó bá níbẹ̀ ló ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá fẹ́, á tì í gòkè. Bí kò bá fẹ́, ibẹ̀ ni yóò wà.”

Àlúkò dúró síbẹ̀, òógùn ń bọ́ sí i lójú, kò ní kí ẹnikẹ́ni wá ran òun lọ́wọ́. Ó ti rí Wòrú. Ó rí i kedere, ní etí oko kan, ní ọjọ́ kẹfà ìrìnàjò, omi ti gbẹ ní gbogbo ibi tó yẹ kó wà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé ẹ̀wù náà ṣì wà lọ́rùn òun. Nígbà tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù náà lọ́rùn rẹ̀ tán, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bíìkì.

Ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù. Ó fa igi lé gbogbo ọ̀nà àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò náà láti Ṣábẹ̀ lákọ̀tun, lẹ́bàá Ọ̀kpárá, ọjọ́ kan lẹ́yìn ọjọ́ kan. Ó ń kọ láàárín ọkọ̀ àárọ̀ sí ọkọ̀ ọ̀sán, ó ń kọ láàárín ọkọ̀ ọ̀sán sí ti ìrọ̀lẹ́. Kò kà á fún àwọn obìnrin oníṣu mọ́. Kò fi han Àbẹ̀kẹ́ pàápàá. Ó ní ẹni tí wọ́n ti fi rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, kó se ọbẹ̀ rẹ̀ jinná kó tó ṣí ìdérí.

Sátidé pé. Ìgbìmọ̀ jókòó ní àárọ̀ nínú ilé ìpàdé, àwọn mẹ́rin lẹ́yìn tábìlì, òǹtẹ̀ àti yíǹkì níwájú wọn. Ganiou délégué, aṣojú ìjọba nínú ìlú, ló ṣe olórí, ọmọ Tchaourou gan-an tó ti kàwé dé Porto-Novo, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn gba Ìyípadà gbọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó ni, kò fẹ́ kí eṣinṣin bà lé e. Ó ju ọwọ́ sókè, ó ní “Ehuzu!” pé nǹkan ti yí padà, gbogbo ilé dáhùn “Dandan!” Lẹ́yìn náà ó fa káyé Àlúkò sọ́dọ̀.

“Kámáráàdì Àlúkò, wọ́n ní ìtàn ẹlẹ́ṣin lo kọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, kámáráàdì délégué.”

“Ẹlẹ́ṣin, féodal ni, ọlọ́lá tó ń rẹ́ tálákà jẹ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àwọn féodal lọ ni, ìwọ tún fẹ́ fi ẹṣin gbé wọn padà wá bá wa ní kíláàsì? Ta ló ń bọ́ ẹṣin náà? Iṣu ta ni ẹlẹ́ṣin ń jẹ? O ò ṣe kọ nípa àgbẹ̀?”

Àlúkò mọ̀ pé bí káyé yẹn bá padà sílé láìní òǹtẹ̀, òun kò ní kọ òmíràn láyé. Ó ní, “Kámáráàdì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á ná.”

Ganiou ṣí i. Ó wo ojú ewé kìíní, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Faransé ń ṣàn lẹ́nu ọkùnrin yìí bí omi, ṣùgbọ́n Nàgó tó ní àmì lórí tó ní àmì nísàlẹ̀, kò kọ́ ọ rí. Ó wo àwọn mẹ́ta tó jókòó tì í, àwọn náà wo òrùlé. Olùkọ́ kíláàsì ti lọ sí Parakou fún ìpàdé, kò sì bójú mu kí ẹni tó kọ ìwé jẹ́ ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ará ìgbìmọ̀, obìnrin aránṣọ tí wọ́n ń pè ní tata Rafiatou, wo ọwọ́ ẹ̀yìn nínú ilé náà níbi tí àwọn obìnrin kíláàsì jókòó sí.

“Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn kà á,” ó ní. “Àbí kí la ní wọ́n ń kọ́?”

Gbogbo wọn wo Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ wo ilẹ̀. Ó dìde nígbẹ̀yìn, ó so ìró rẹ̀ le, ó wá síwájú. Ganiou ṣí ibì kan ní àárín gbùngbùn káyé, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àlúkò kò mọ èyí tó ń bẹ̀rù jù nínú méjì, kí ìwé rẹ̀ ṣubú tàbí kí aya rẹ̀ kọsẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Ó kọsẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́, ó kà á bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, tata Rafiatou wò ó, ó gbé ẹ̀rín mì. Nígbà tó dé ìlà kẹta, ohùn Àbẹ̀kẹ́ ti balẹ̀:

“Ní ọjọ́ kẹfà, Ìjì kò lè gbé orí mọ́. Wòrú rí oko iṣu kan ní apá Goro. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ ebè, ìkòkò omi kan ṣoṣo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ Wòrú. Ó lè gba omi náà. Gbogbo àwọn tó ti kọjá níbẹ̀ lórí ẹṣin ṣáájú rẹ̀ ló máa ń gbà á. Obìnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sá. Ó ní, ‘Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ gbà á ni, gbà á. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ tọrọ rẹ̀ ni, sọ̀ kalẹ̀.’ Wòrú mọ̀ pé bí òun bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀wù yìí, òun kò ní lè gun ẹṣin mọ́ àfi bí obìnrin yìí bá fẹ́. Ó wo ojú ọ̀run. Ó ronú nípa ìlú méjèèjì. Ó sì…”

Ojú ewé parí. Àbẹ̀kẹ́ dúró kó mí.

“Ẹ ṣí i!” Ganiou ké. “Màmá, ẹ ṣí i!”

Ó ṣí i. “Ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, ‘Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ẹṣin mi lómi.’ Obìnrin náà gbé ìkòkò fún Ìjì, Ìjì mu, ó ku ìdajì. Ó fún Wòrú ní ìyókù. Lẹ́yìn náà ó fi èjìká tì í lẹ́yìn, pẹ̀lú agbára tí ó fi ń kọ ebè, ó gbé e gun ẹṣin. Láti ọjọ́ náà, oko ẹnikẹ́ni tí Wòrú bá dé, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó kí wọn.”

Ganiou fi ọwọ́ nu ojú, ó ṣe bí ẹni pé òógùn ni. “Bon,” ó ní. “Mo béèrè ẹni tó ń bọ́ ẹṣin, mo ti gbọ́ èsì. Ìwé yìí yóò lọ sí Parakou.” Ó gbé òǹtẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sínú yíǹkì. Ayọ̀ rú lára Àlúkò láti àtẹ́lẹsẹ̀ débi pé ó di etí tábìlì mú.

“Ẹ dúró ná, kámáráàdì délégué,” Àbẹ̀kẹ́ ní.

Òǹtẹ̀ dúró lófuurufú. Àbẹ̀kẹ́ kò wo délégué, ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí. “Bàbá Modúpẹ́, ẹlẹ́ṣin ní orúkọ. Ẹṣin pàápàá ní orúkọ. Obìnrin tó fún wọn lómi yìí, kí ni orúkọ tirẹ̀?”

Ariwo sọ láàárín àwọn obìnrin kíláàsì. “Òótọ́ ni o! Tonton Àlúkò, ẹ dáhùn!”

Àlúkò wo káyé náà. Ó ti gé koríko, ó ti fa omi, ó ti ka iye ọjọ́ láti odò dé odò, ó sì pe obìnrin tó gba ìlú méjèèjì là ní “obìnrin kan.” Èyí dùn ún ju ẹ̀rín Yessoufou lọ. “N kò ronú kàn án,” ó ní. “Àbẹ̀kẹ́, má bínú. Kí ni kí n pè é?”

“Àmọ̀kẹ́,” Àbẹ̀kẹ́ ní. “Orúkọ ìyá mi ni. Goro ló ti kọ ebè láti ọmọdé títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀, kò sì síbi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí rí. Kódà, wọn ò kọ ọ́ sára ibojì rẹ̀.”

Àlúkò fa bíìkì yọ lápò. Ó fa igi lé “obìnrin kan,” ó fẹ́ kọ orúkọ náà sókè rẹ̀, ó sì dá ọwọ́ dúró. Ó yí bíìkì náà padà, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ gbà á. Ó tẹ̀ ba tábìlì, ó kọ ọ́ létà kọ̀ọ̀kan, ó fi àmì sí abẹ́ èyí tó gba àmì, ó fi sí orí èyí tó gba àmì, kò sì sí ẹni tó kán an lójú. Nígbà tó parí, Ganiou lu òǹtẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ewé náà. Àbẹ̀kẹ́ gbé káyé sókè, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ, ó sì ka orúkọ ìyá rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́.